Igi Gẹdú, Pákó àti Bébà: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Akitiyan Ìjọba, fún Àwa Ará Ìlọrin àti Gúúsù Kwara

Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà, àwọn onípákó, àwọn tó ń tẹ ìwé àti àwọn àgbẹ̀ máa ń béèrè nígbà tí ọ̀rọ̀ igi àti bébà bá délẹ̀ ní Ìlọrin, ní Ọ̀fà, ní Òmù-Àrán àti ní àwọn ìlú tó wà ní agbègbè Èkìtì àti Òkè-Ẹ̀rọ̀. A fẹ́ kí ẹni tó bá kà á mọ ohun tí ìjọba ti ṣe kí iṣẹ́ gẹdú àti iṣẹ́ bébà má baà kú, ibi tí iṣẹ́ náà ti há, àti apá tó kan àwa tí igbó wà lẹ́yìnkùlé wa.

Ìbéèrè: Ta ló ni àṣẹ lórí igi inú igbó, ṣé ìjọba àpapọ̀ ni tàbí ìjọba ìpínlẹ̀?

Ìdáhùn: Ìjọba ìpínlẹ̀ ni. Òfin Ìlò Ilẹ̀ tó jáde ní ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ gómìnà, ìpínlẹ̀ ló sì ń ṣàkóso igbó ọba, òun ló ń fún agégẹdú ní ìwé àṣẹ, òun ló sì ń gba owó orí igi. Ìjọba àpapọ̀ ló ń gbé ìlànà gbogbogbòò kalẹ̀, òun ló ń ṣọ́ ibodè, òun ló sì ni ilé ìwádìí nípa igbó tó wà ní Ìbàdàn, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí FRIN, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1954.

Ẹ fi ìdáhùn yìí sọ́kàn, nítorí pé púpọ̀ nínú ohun tó tẹ̀lé e ti ibẹ̀ wá. Iléeṣẹ́ bébà ńláńlá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí orílẹ̀-èdè yìí ní jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀ nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí igi tó máa bọ́ wọn yóò ti hù wà lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀.

Ìbéèrè: Iléeṣẹ́ mẹ́ta wo nìyẹn, ibo ni wọ́n sì wà?

Ìdáhùn: Èyí àkọ́kọ́ wà ní ìpínlẹ̀ tiwa níbí, ní Jẹ́bà létí Odò Ọya. Ọdún 1969 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Bébà pupa tó nípọn ló ń ṣe, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe àpò sìmẹ́ńtì àti páálí. Agbára rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 12,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, kí wọ́n tó fẹ̀ ẹ́ lójú di 65,000. Ìkejì wà ní Oku-Iboku, ní ibi tó ti di ìpínlẹ̀ Akwa Ibom báyìí. Bébà ìwé ìròyìn ni tirẹ̀, ọdún 1986 ni wọ́n ṣí i, wọ́n sì kọ́ ọ láti máa ṣe 100,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún. Ìkẹta ni ti Ìwópìn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tó yẹ kó máa ṣe bébà funfun tí a fi ń kọ̀wé àti èyí tí a fi ń tẹ̀wé, ṣùgbọ́n wọn kò parí rẹ̀ bó ṣe yẹ rárá.

Ẹni tó bá mọ Jẹ́bà yóò gbà pé àwọn tó yan ibẹ̀ ronú jinlẹ̀. Iléeṣẹ́ bébà a máa mu omi púpọ̀, Odò Ọya sì wà níbẹ̀. Ojú irin gba ibẹ̀ kọjá láti Èkó lọ sí òkè ọya. Nígbà tí wọ́n kọ́ ìdídò tó ń pèsè iná mànàmáná sí Jẹ́bà ní àwọn ọdún 1980, iná náà tún wá sí ìtòsí. Ohun kan ṣoṣo tí kò sí nítòsí tó bó ṣe yẹ ni igi.

Ìbéèrè: Kí ló wá dé tí wọ́n fi dákẹ́ tàbí tí wọ́n ń ṣe ségesège?

Ìdáhùn: Àwọn kan máa ń dá gbogbo rẹ̀ lé ìwà àjẹbánu lórí. A kò ní sọ pé kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró síbẹ̀ kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń ṣe bébà. Wọn yóò bó èèpo igi, wọn yóò gé e wẹ́wẹ́, wọn yóò sì kó o sínú ìkòkò irin gàgàrà kan pẹ̀lú kẹ́míkà tó lágbára, kí wọ́n máa sè é títí tí ohun tó lẹ igi pọ̀ yóò fi yọ́ dànù, tí fọ́nrán igi nìkan yóò sì ṣẹ́ kù, tó rọ̀ bí ògì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sẹ́. Èyí ni wọn yóò fọ̀, tí wọn yóò tẹ́ pẹlẹbẹ sórí asẹ́, tí wọn yóò tẹ̀, tí wọn yóò sì gbẹ. Nínú igi tí a bá sè báyìí, bí ìdajì péré ló ń di bébà. Bí iléeṣẹ́ Jẹ́bà bá fẹ́ ṣe 65,000 tọ́ọ̀nù láti inú igi nìkan, yóò nílò igi gbígbẹ tí kò ní dín ní 130,000 tọ́ọ̀nù lọ́dọọdún. Igi tútù wúwo ju èyí lọ dáadáa, ọkọ̀ ńlá ló sì máa kó o láti ibi jíjìn.

Wàhálà kejì wà nínú fọ́nrán fúnra rẹ̀. Igi tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, títí kan melina, fọ́nrán kúkúrú ló ní, tí gígùn rẹ̀ kò ju bíi mìlímítà kan lọ. Igi páìnì ti ilẹ̀ òtútù ní tó bíi mìlímítà mẹ́ta. Bébà tí wọ́n bá fi fọ́nrán kúkúrú nìkan ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ le, nítorí náà àwọn iléeṣẹ́ wọ̀nyí ní láti máa ra fọ́nrán gígùn láti òkè òkun láti fi pò ó. Wọ́n tún ń ra kẹ́míkà àti ẹ̀yà ara ẹ̀rọ láti òkè òkun. Nígbà tí owó epo rọ̀bì wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ti 1986 tí a mọ̀ sí SAP sì ja náírà lulẹ̀, iléeṣẹ́ tó ń fi náírà tajà, tó sì ń fi dọ́là ra ohun èlò, kò lè rí èrè. Iléeṣẹ́ Oku-Iboku ṣílẹ̀kùn ní ọdún yẹn gan-an.

Lẹ́yìn èyí ni ìjọba pinnu láti ta àwọn iléeṣẹ́ náà fún àwọn aládàáni, èyí sì jẹ́ ara akitiyan láti gbà wọ́n là. Ní tiwa, títà nìkan kò lè tó, nítorí pé ẹni tó ra ẹ̀rọ kò ra igbó mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Ṣé ìjọba kò gbin igi sílẹ̀ de àwọn iléeṣẹ́ yìí ni?

Ìdáhùn: Wọ́n gbìn ín, ó sì yẹ ká fi ẹ̀yẹ fún àwọn òṣìṣẹ́ igbó tó ṣe é. Melina, tí wọ́n mú wá láti apá ilẹ̀ Íńdíà, ni wọ́n gbìn jù lọ, nítorí pé ó yára dàgbà, ó sì máa ń hù padà láti ara kùkùté lẹ́yìn tí a bá ti gé e. Ilẹ̀ rẹpẹtẹ ni wọ́n fi gbìn ín ní igbó ọba Omo ní ìpínlẹ̀ Ògùn àti ní igbó ọba Olúwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pẹ̀lú èrò pé iléeṣẹ́ Ìwópìn ni yóò máa lò ó.

Igi náà dàgbà, ó gbó, iléeṣẹ́ kò ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Igi kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Àwọn onísọ́míìlì wọlé, melina tí wọ́n gbìn fún bébà di pákó àti òpó, apá kan lára ilẹ̀ náà sì di oko kòkó àti oko ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibí yìí ló dùn wá jù nínú gbogbo ìtàn yìí, nítorí pé apá tó le jù lọ, ìyẹn gbígbin igi àti ṣíṣọ́ ọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ni wọ́n ṣe yọrí.

Ìbéèrè: Kò sí ohun mìíràn tí a lè fi ṣe bébà yàtọ̀ sí igi?

Ìdáhùn: Ó wà, ìpínlẹ̀ Kwara sì ní in. Ní Bacita, tí kò jìnnà sí Jẹ́bà, ni iléeṣẹ́ ṣúgà àkọ́kọ́ nílẹ̀ yìí wà, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1964. Háhá ìrèké tí wọ́n bá ti fún omi rẹ̀ tán ṣeé fi ṣe bébà. Ní Íńdíà àti láwọn ibòmíràn, iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Ọparun náà dára, ohun ọ̀gbìn kan tí wọ́n ń pè ní kẹ́náàfù sì ní fọ́nrán gígùn lára èèpo rẹ̀, oṣù díẹ̀ péré ló sì ń lò kó tó tó kórè. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ohun èlò iléeṣẹ́, RMRDC, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1987, wà lára àwọn tó ń polongo rẹ̀. Àmọ́ bí iléeṣẹ́ ṣúgà kò bá lọ déédéé, háhá ìrèké kò lè wà. Ọ̀kan ló ń fa èkejì.

Ìbéèrè: Bí iléeṣẹ́ bébà bá ti dákẹ́, báwo ni bébà ìnùdí àti páálí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà ṣe wá kún ọjà?

Ìdáhùn: Ìbéèrè tó dára gan-an ni, ìdáhùn rẹ̀ ló sì fi ibi tí akitiyan ìjọba ti so èso hàn. Nínú ìwé àwọn ọjà tí aṣọ́bodè kò gbọdọ̀ jẹ́ kó wọlé, bébà ìnùdí, páálí oníhò àti ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń lò wà níbẹ̀. Òfin yìí ló fún àwọn iléeṣẹ́ kéékèèké láyè láti mí. Wọ́n lè ra bébà ńlá tí wọ́n ká bí ẹní láti òkè òkun, kí wọ́n gé e, kí wọ́n sì dì í níbí. Tàbí kí wọ́n ra páálí àti ìwé àlòkù, kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi, kí wọ́n sì tún un ṣe. Àwọn tí ẹ ń rí tí wọ́n ń di páálí jọ ní ẹ̀yìn ọjà ní Ìlọrin, tí wọ́n ń fi okùn so ó gbọngbọn sórí ọmọlanke, ara ètò yìí ni wọ́n, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó kọ orúkọ wọn sínú ìwé ìjọba kankan.

Bébà tí a fi ń tẹ ìwé kíkà àti ìwé ìròyìn kò sí nínú èyí. Láti òkè òkun ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wọlé, ìdí sì nìyí tí ẹni tó ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ìlọrin fi ń yí iye owó iṣẹ́ rẹ̀ padà nígbàkígbà tí dọ́là bá fò sókè.

Ìbéèrè: Ǹjẹ́ òfin wà tó ní kí a má ṣe kó igi lọ sí òkè òkun?

Ìdáhùn: Ó wà, ó sì ti pẹ́. Ọdún 1976 ni ìjọba ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kó gẹdú tí a kò tíì là jáde mọ́, kí àwọn sọ́míìlì wa lè ríṣẹ́ ṣe. Títí di òní, gẹdú àti pákó lílà lásán wà nínú àwọn ohun tí aṣọ́bodè kò gbọdọ̀ jẹ́ kó jáde.

Bí òfin yìí ṣe ń jò hàn nínú ọ̀rọ̀ igi tí àwọn oníṣòwò ń pè ní kosso, tó máa ń hù ní ilẹ̀ ọ̀dàn bíi ti apá àríwá Kwara. Ará Ṣáínà fẹ́ràn rẹ̀ fún àga àti ibùsùn olówó ńlá, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e tán láàárín ọdún díẹ̀. Àdéhùn àgbáyé tó ń dáàbò bo ẹranko àti igi tó ń tán lọ, CITES, fi igi náà sábẹ́ ìṣọ́ ní ọdún 2017. Nígbà tó di 2018, wọ́n ní kí àwọn orílẹ̀-èdè má gbà á láti Nàìjíríà mọ́.

Ìbéèrè: Kí ni Báńkì Àpapọ̀ ṣe nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Ìdáhùn: Ní oṣù Kẹfà ọdún 2015, wọ́n kéde àwọn ọjà 41 tí ẹni tó bá fẹ́ kó wọn wọlé kò ní rí dọ́là rà ní ọjà ìjọba. Páláìwúùdù, pákó àtẹ̀pọ̀, ilẹ̀kùn onígi, àga àti tábìlì, àní igi ìtayín pàápàá, wà nínú rẹ̀. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà kan jàǹfààní rẹ̀. Àwọn tó ń lo páláìwúùdù òkèèrè sì kérora. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni wọ́n mú òfin náà kúrò.

Ìbéèrè: Òòlù tí àwọn òṣìṣẹ́ igbó ń gbá mọ́ ìdí gẹdú, kí ni iṣẹ́ rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹni tó bá dúró ní sọ́míìlì nígbà tí ọkọ̀ gẹdú bá ń já ẹrù yóò rí i. Ní ojú ibi tí wọ́n ti gé igi náà, níbi tí omi ara rẹ̀ ṣì ti ń rin, àmì kan wà tó wọnú igi díẹ̀, lẹ́tà tàbí nọ́ńbà tí kò tóbi ju ojú owó ẹyọ lọ. Irin orí òòlù ló ní àmì náà. Agégẹdú tó forúkọ sílẹ̀ ní òòlù tirẹ̀, tó fi hàn pé òun ló ni igi; òṣìṣẹ́ igbó ní ti ìjọba, tó fi hàn pé wọ́n ti wọn igi náà, pé wọ́n ti san owó rẹ̀, àti pé ó lè kọjá lójú ọ̀nà.

Ọgbọ́n tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ ju bí a ti rò lọ. Bí àmì bá wà lórí gẹdú, tó sì tún wà lórí kùkùté tó ṣẹ́ kù nínú igbó, ẹni tó bá fẹ́ wádìí lè tọ ipasẹ̀ igi náà padà sí ibi tó ti wá. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi ẹ̀rọ ayùn alágbèéká la igi sí pákó nínú igbó, ojú ibi tí òòlù yóò ti bà á kò sí mọ́, pákó náà á sì wọ ìlú lóru láìní àmì kankan. Bí ìjọba ìpínlẹ̀ bá fẹ́ ṣe ohun kan ṣoṣo ní kíákíá, àbá tiwa ni pé kí wọ́n fi òfin de lílà pákó nínú igbó, kí wọ́n sì jẹ́ kí gbogbo gẹdú wọ sọ́míìlì pẹ̀lú àmì lórí. Onísọ́míìlì tó ń san owó tó yẹ ni yóò kọ́kọ́ jàǹfààní rẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé ààbò wà nínú igbó báyìí?

Ìdáhùn: Gbogbo wa mọ ohun tí àwọn ará Ìfẹ́lódùn, Èkìtì àti àwọn agbègbè mìíràn ní gúúsù Kwara ti rí lọ́wọ́ àwọn ajínigbé. Àgbẹ̀ tí kò lè dé oko kò lè tọ́jú igi, òṣìṣẹ́ igbó tí kò ní ohun ìdáàbòbò kò sì lè lọ ka kùkùté. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun fọwọ́ sí i kí wọ́n gba ẹ̀ṣọ́ igbó káàkiri ìpínlẹ̀. A gbà pé ó yẹ kí àwọn ọmọ ìlú tó mọ igbó náà pọ̀ nínú wọn.

Ìbéèrè: Igi emi tí wọ́n ń sun ní èédú ńkọ́?

Ìdáhùn: Ìyàwó àgbẹ̀ tó ń ṣa èso emi ń rí owó lára igi náà lọ́dọọdún fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tó gé e fún èédú rí owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ dá kíkó èso emi tútù lọ sí òkèèrè dúró fún oṣù mẹ́fà, kí wọ́n lè máa ṣe òrí níbí. Bí iye èso náà bá ga lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣà á, yóò le fún un láti gbà kí wọ́n gé igi rẹ̀.

Ìbéèrè: Àgbẹ̀ ni mí ní agbègbè Òmù-Àrán. Ṣé ó yẹ kí n gbin igi tíìkì tàbí melina?

Ìdáhùn: Ó yẹ, bí ilẹ̀ bá jẹ́ tìrẹ. Bí ẹ bá gbìn ín ní mítà mẹ́ta sí mítà mẹ́ta, bí 1,100 igi ni yóò wà lórí hẹ́kítà kan. Ní ọdún méjì tàbí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ lè gbin àgbàdo, iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ sáàárín wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ igbó ti ń lo ọgbọ́n yìí nílẹ̀ wa láti ìgbà òyìnbó, wọ́n ń fún àgbẹ̀ ní ilẹ̀ nínú igbó ọba kó lè dáko, kó sì máa ro ìdí igi ìjọba mọ́ oko rẹ̀. Àgbẹ̀ rí oúnjẹ, ìjọba rí igi. Tíìkì yóò ti tó òpó láàárín ọdún márùn-ún sí mẹ́jọ, ṣùgbọ́n èyí tó máa di pákó gidi lè gba ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Melina yá ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ṣọ́ra fún iná ọ̀gbẹlẹ̀: ẹ ro ìpààlà oko kí oṣù Kọkànlá tó parí.

Ohun tó le jù ni ti ilẹ̀. Nílẹ̀ Yorùbá, igi tó máa ń pẹ́ nílẹ̀ jẹ́ ẹ̀rí pé ẹni tó gbìn ín ló ni ibẹ̀, ìdí sì nìyí tí onílẹ̀ fi máa ń sọ fún àgbẹ̀ tó wá yá ilẹ̀ pé kó gbin iṣu, kó má gbin igi. Ẹni tí kò ní àrídájú kò lè dúró de igi fún ogún ọdún. Níbí ni ìjọba ìpínlẹ̀ ti lè ràn wá lọ́wọ́ jù lọ, bí wọ́n bá ṣe ìwé àdéhùn tó rọrùn, tí baálẹ̀ àti olórí ẹbí lè fọwọ́ sí, tí yóò ya ọ̀rọ̀ ẹni tó ni igi sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó ti ẹ̀rọ bébà kan, ó sì lè jẹ́ kí ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọ̀dọ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi.

Ìbéèrè: Ibo ni mo ti lè rí ọ̀gbìn igi àti ìmọ̀ràn?

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ lọ sí ọ́fíìsì àwọn òṣìṣẹ́ igbó tó bá sún mọ́ yín, tàbí iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó àyíká ní Ìlọrin. Ní Yunifásítì Ìlọrin, ẹ̀ka kan wà tó ń kọ́ni nípa àkóso igbó, wọ́n sì lè dáhùn ìbéèrè nípa irú ilẹ̀ tí ẹ ní. Ẹni tó bá fẹ́ ọ̀gbìn púpọ̀ lè kọ̀wé sí FRIN ní Ìbàdàn. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ṣa irúgbìn náà kí ẹ tó sanwó, nítorí pé igi tí a bá ṣa èso rẹ̀ lábẹ́ ìyá tó wọ́ yóò wọ́ bí ìyá rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ òjò, nígbà tí ilẹ̀ bá ti rin dáadáa, ni kí ẹ gbìn ín.